Ta Ni Yóò Sanwó Ìlù Àwọn Ọmọ Wa?

   

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láti ìpàdé tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ ìlù, ijó, àdìrẹ àti eré orí ìtàgé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó ń bá wọn san owó ilé tẹ́lẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Onílé sì ti fún wọn ní ìwé pé bí owó ò bá wọlé, kí wọ́n kó jáde. Bí àwọn kan nínú wa ṣe ń sọ pé ká dá sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń sọ pé ẹgbẹ́ owó ni wá, kí ló kàn wá kan ìlù? Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, mo ní kí n fi ìtàn díẹ̀ síwájú wa, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn kan ti dán an wò nílẹ̀ Yorùbá kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti túká, ká sì wo ibi tó ti dúró.

INÚ ỌJÀ LÓ TI BẸ̀RẸ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwa ará Yewa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwa àti àwọn ará wa ní Kétu tí ààlà òyìnbó gbé sí ilẹ̀ Benin. Àwọn kan ní Kétu ló ti ṣẹ̀, àwọn kan ní Ìlobí nítòsí wa níbí ni. A ò ní torí ìyẹn bá ara wa jà. Ohun tó kàn wá ni pé tìtorí àwọn ìyá ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, láti fi yẹ́ wọn sí, láti fi tù wọ́n lójú. Ojúde ọjà sì ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde lóru. Ibo ni ì bá tún jáde sí, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ni ààfin àwọn ìyá?

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ayé pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2001, UNESCO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn fún Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀.

Ó dáa. Ta ló ń sanwó rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Ẹ wo aṣọ tó wà lára ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìró obìnrin ni, ọ̀já ọmọ ni, gèlè ni. Àwọn obìnrin ló ń yá wọn. Ìdílé àti ará ìlú ló ń san owó agbẹ́gilére, àwọn náà ló ń bọ́ onílù, àwọn náà ló ń se oúnjẹ àlejò. Kò sí ìjọba kankan tó ń gbé owó wá, kò sì sí òyìnbó kan tó ń fi sọ̀wédowó ránṣẹ́. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ ńlá.

MBARI, LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ỌJÀ DÙGBẸ̀

Ní ọdún 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n pè é ní Mbari. Orúkọ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò, Chinua Achebe ló mú un wá. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, J. P. Clark wà níbẹ̀, Christopher Okigbo náà wà níbẹ̀. Ezekiel Mphahlele láti South Africa ló jẹ́ ààrẹ wọn. Ẹ̀bá ọjà Dùgbẹ̀ gan-an ni wọ́n gba ilé sí. Àwọn tó wà nínú ọjà ń gbọ́ ìlù wọn, wọ́n ń rí àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ògiri.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kì í ṣe kékeré. Wọ́n ṣe eré orí ìtàgé, wọ́n pàtẹ àwòrán, wọ́n tẹ ìwé àwọn ọ̀dọ́ tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá kò tíì mọ̀. Ṣóyínká yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986.

Ibo ni owó ti ń wá? Ẹgbẹ́ kan ní Paris tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń rí i. Àfìgbà tó di 1966 àti 1967 tí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí pé CIA, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń gba ẹ̀yìn kó owó fún ẹgbẹ́ tó wà ní Paris yẹn. Ìjà àwọn àti Rọ́ṣíà ni wọ́n ń fi owó ọ̀hún jà. Ṣóyínká kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé àwọn ò mọ̀ rárá, pé ọ̀rọ̀ náà dun àwọn gan-an.

Lọ́dún 1967 yẹn kan náà ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Achebe ti padà sí ìlà oòrùn, Okigbo kú sójú ogun, ìjọba sì ti Ṣóyínká mọ́lé. Owó Paris ti dọ̀tí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti túká, kò sì sí ará ọjà Dùgbẹ̀ kankan tó ní ìpín nínú ilé náà tí ì bá fi sọ pé ẹ má tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ mi lódì. Mi ò sọ pé owó àlejò kò dáa. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó gbé owó wá ló mọ ìdí tó fi gbé e wá, ọjọ́ tí ìdí yẹn bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, owó náà tán nìyẹn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu.

BÍ MO BÁ RÍ I, MÀ Á YỌ̀

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìbàdàn, ká lọ sí Òṣogbo. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, Dúró Ládípọ̀, ọmọ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà. Ní 1961, ó fi ìlù Yorùbá sínú orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ sì yarí pé ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Dúró bá gbé orin rẹ̀, ó jáde. Ó ní ilé ọtí kan tó ń tà ní agbo ilé bàbá rẹ̀. Ilé ọtí yìí ni òun àti Ulli Beier sọ di ibi eré ní oṣù March 1962.

Nígbà tí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ Mbari, wọn ò mọ èdè Ìgbò. Wọ́n tú u sí Yorùbá: Ḿbá rí, ḿbá yọ̀. Bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Báyìí ni ilé náà ṣe di Mbari Mbayo. Ẹ ò rí i pé ará ìlú ti sọ ọ́ di tiwọn látorí orúkọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ọba Mọ́rọ̀ ní 1962. Ní 1963, wọ́n ṣe Ọba Kò So, ìtàn Ṣàngó. Eré yìí dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ìyàwó Dúró, Abíọ́dún, ló ṣe Ọya nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wò dáadáa ni irú àwọn ọmọ tó wọ ilé náà. Àwọn ọmọ tí ìwé ti dá dúró lọ́nà ni, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Muraina Oyèlàmí ti ta epo pẹtiróòlù rí. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń rí sí iná mànàmáná fún eré Dúró. Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven Seven, ń bá oníṣòwò òògùn kan kiri, ó ń jó kí èrò lè dúró ra òògùn. Gbogbo wa la mọ irú ijó yẹn nínú ọjà wa. Láàárín 1962 sí 1964, wọ́n pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayàwòrán wá láti kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ti 1964, èyí tí Georgina Beier darí, ọjọ́ 5 péré ló gbà. Nínú ọjọ́ 5 yẹn ni àwọn tó di olókìkí ti jáde. Twins Seven Seven tó ń jó nídìí òògùn yẹn, òun ni UNESCO fi joyè aṣojú àlàáfíà ní 2005, ọdún 6 kí ó tó kú ní 2011. Bùráímọ̀ di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Oyèlàmí padà sí Ìrágbìjí, ìlú rẹ̀, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò ṣàìsí owó òkè òkun ní Òṣogbo náà. Nígbà tí ọdún 1966 ń parí lọ, Beier àti ìyàwó rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Ilé Mbari Mbayo kò rí bó ṣe rí mọ́ lẹ́yìn wọn. Kí ló wá dé tí iṣẹ́ kò fi kú? Torí pé Dúró ní ẹgbẹ́ eléré tó ń ti ìlú dé ìlú, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ayàwòrán náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n ń tà. Nígbà tí Dúró kú ní 1978, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí Ọba Kò So wọlẹ̀. Owó àlejò ló ran wọ́n lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, owó ọjà ló gbé wọn dúró.

NÍKẸ̀Ẹ́ ÀTI OWÓ ÀDÌRẸ

Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn Òṣogbo ni ti obìnrin bíi tiwa. Wọ́n bí Níkẹ̀ẹ́ Okundaye ní 1951, Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogi lónìí, ni ìlú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọdé. Ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀, tó jẹ́ ahunṣọ àti aláró, ló tọ́ ọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Kò sí owó láti fi lọ sí ilé ìwé gíga. Ó dé Òṣogbo, ó bọ́ sí agbo àwọn ayàwòrán tí mo dárúkọ yìí, ó ń ṣe àdìrẹ, ó ń fi abẹ́là yíyọ́ kọ ọnà sára aṣọ, ó ń tà á.

Ní 1983, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ fetí sí i dáadáa: kò gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sì rí owó gbà lọ́wọ́ ìjọba. Èrè aṣọ àti àwòrán tó ń tà ló fi ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí kò níṣẹ́, àwọn ọmọbìnrin tí kò rí ẹni gbé wọn dúró, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń kọ́ àdìrẹ, wọ́n ń kọ́ aṣọ híhun, igi gbígbẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣe ti Ògìdì fún àwọn obìnrin ahunṣọ, ó sì ṣí ilé ńlá alájà márùn-ún ní Lẹkki, l'Ékòó, ní 2009.

Ẹni tó bá ń tajà máa yé é kíákíá. Obìnrin yìí kò dúró de owó ìrànwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó yọ lára èrè ọjà. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ń kọ́ sì jẹ́ iṣẹ́ tó ń wọ ọjà, nítorí náà owó tó jáde ń padà wọlé. Ìjọba yí padà, ológun dé, alágbádá dé, náírà já wálẹ̀, ilé náà ṣì wà.

ÀWỌN AHUNṢỌ ROCHDALE

Ẹnìkan lè ní Níkẹ̀ẹ́ ti jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni tiwa, òfin wà. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí òfin náà. Ní 1844, àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ahunṣọ wà nínú wọn dáadáa, dá owó kékeré jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ti kọ́ ọ. Òfin rẹ̀ dé Nàìjíríà ní 1935, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ló sì ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lápá ibí.

Kò pẹ́ tí ìsọ̀ Rochdale fi gbèrú tí wọ́n fi pinnu pé nínú gbogbo ₦100 èrè, bí a bá fi owó tiwa sọ ọ́, ₦2.50 á lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn. Wọ́n ní yàrá ìwé kíkà lórí ìsọ̀ wọn. Tálákà ni wọ́n o. Wọn ò sọ pé kí àwọn kọ́kọ́ lówó ná. Ní 1995, àpapọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé pàdé ní Manchester, wọ́n to ìlànà 7 sílẹ̀. Ìkarùn-ún ni ẹ̀kọ́. Ìkeje ni pé kí ẹgbẹ́ máa ro ti àdúgbò tó wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò kàn wá, ìlànà ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ní ó kàn wá.

Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Mo mọ̀ pé owó ò sí. Èmi náà ń tajà, mo mọ iye tí mọ́tò ń gbà láti ibí dé Èkó báyìí. A ò tíì gbàgbé oṣù August 2019 tí wọ́n ti bọ́dà pa, tó jẹ́ pé Ìdírókò kò ṣí fún ọjà títí di 2022. Ta ló gbé wa dúró nígbà yẹn? Àjọ tí a dá fúnra wa ni, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni. Ohun tí ó gbà wá yẹn náà ni mo ní ká fi wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Bí obìnrin 100 bá ń yọ ₦100 lọ́sẹ̀, ₦10,000 ni lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. ₦520,000 nìyẹn. Owó omi inú ọ̀rá lásán ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yọ. Kí àpótí rẹ̀ dá dúró, kí ó má kan owó ìpín tàbí owó ẹ̀yáwó ẹnikẹ́ni. Kí àkápò máa ka ìṣirò rẹ̀ létí gbogbo wa lóṣooṣù. Kí àwọn ọmọ náà sì máa mú àdìrẹ tí wọ́n bá ṣe wá sí ìsọ̀ wa, ká bá wọn tà á, kí ìdá kan nínú rẹ̀ padà sínú àpótí. Kí àwọn onílù àti oníjó wọn máa gba iṣẹ́ níbi ìnáwó wa. Ìgbà wo la ò ní ṣe ìkómọ, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó? Onílù tí à ń háyà láti ìlú mìíràn, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ máa kù sílé. Bí ẹlòmíràn bá tún fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ìta, ká dúpẹ́, ká gbà á, ká fi ṣe àfikún. Kó má jẹ́ òun ni òpó ilé.

Àwọn kan bi mí pé, ọmọ tó ń lu ìlù, ìwé ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pàdé, lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹ sì jẹ́ ká sọ òdodo fún ara wa. Ìgbà tí wọn ò bá sí níbẹ̀, ibo ni wọ́n wà? A mọ ohun tí àwọn ọmọ ń mu lábẹ́ igi, a mọ àwọn tó ń fi ọ̀kadà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ kó ẹrù ní bọ́dà, a sì mọ àwọn tí wọn ò padà wálé nínú wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo owó tí à ń tò pa mọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, ọwọ́ wọn náà ló máa bọ́ sí lọ́jọ́ kan.

Àwọn ìyá wa ló yá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìró àti gèlè tó fi dé etígbọ̀ọ́ ayé. Níkẹ̀ẹ́ fi owó aṣọ gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ dúró. Mi ò rí ìdí tí ₦100 fi máa dá àwa ìyá ọjà Ìlaró dúró. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó mú un wá sí ìpàdé, a máa gbọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ tètè dé o, kí ẹ sì mú ìwé ìdáwó yín lọ́wọ́.

 

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.